Omi kànga tó ń rùn bí epo: ẹ má sè é, ẹ má mu ún

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa àgbà, ìbéèrè kan rèé. Ká ní ẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ju kòròbá sínú kànga ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ fa omi jáde, bí ẹ ṣe ní kí ẹ bù ú sẹ́nu, òórùn bẹntiróòlù ló gba imú yín. Kí lẹ máa ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú wa, iná la máa gbé omi ọ̀hún kà. A ó ní bó bá ti hó, ohun tó wà níbẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹlòmíràn á ju álọ́ọ̀mù sí i, ẹlòmíràn á da oògùn apakòkòrò sí i, ẹlòmíràn á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Àgbàlagbà inú ilé sì lè ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, pé òórùn náà á lọ. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún omi tí ìdọ̀tí tàbí kòkòrò àìsàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí epo bá ti wọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ débi tí a ó lè fọkàn balẹ̀ mu ún. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń dá kún wàhálà ni. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á fún àwọn tí kò lè kà á.

Ilé epo ti dé ẹ̀gbẹ́ kànga wa

Ẹ wo àyíká Ìbàdàn bó ṣe rí lónìí. Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ dé Mọ́níyà ní Akínyẹlé, ẹ gba ọ̀nà Ìwó dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, ẹ gba ọ̀nà Ifẹ̀ kọjá Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Aṣéjìrè, ẹ sì yà sí ọ̀nà Akanran ní Ọ̀nà-Àrà. Ibi tó jẹ́ oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́ àti ìdí ọ̀pẹ nígbà tí ẹ̀yin àgbà wà lọ́mọdé, ilé ti kún ibẹ̀. Ibi tí ilé bá sì dé, tí ọ̀nà sì wà, ilé epo kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Kò burú, nítorí ọ̀kadà ń mu epo, mọ́tò ń mu epo, jẹnẹrétọ̀ náà ń mu epo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ilé epo dé, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ìjọba ò bá a dé. Adágún omi Aṣéjìrè tó ń fún ìgboro Ìbàdàn lómi wà nítòsí wa níbí, síbẹ̀ kànga àti bohóòlù ni ọ̀pọ̀ abúlé àti àdúgbò tuntun gbójú lé. Èyí já sí pé omi tí à ń mu àti táńkì tí wọ́n ń rọ epo sí, inú ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé ilé epo báyìí báyìí ló ń jò. Ọ̀pọ̀ ilé epo ló ń tọ́jú táńkì wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n táńkì tí a rì mọ́lẹ̀, ojú ò tó o. Bó bá ń jò, kì í pariwo.

Bí epo ṣe ń rìn dé inú kànga

Irin ni ọ̀pọ̀ táńkì tó wà lábẹ́ ilé epo, pàápàá àwọn tó ti pẹ́. Irin tó bá wà nínú ilẹ̀ tútù fún ọdún púpọ̀, ìpẹtà á mú un. Nígbà mìíràn, táńkì gan-an kọ́ ló ń jò, ojú ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìgbà tí táńkà bá ń já epo ni epo ń dà sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹ̀kán epo kan ṣoṣo ló ń kán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú ọjọ́ kan, ó ti di nǹkan bíi lítà mẹ́rin. Nínú ọdún kan, ó ti lé ní 1,500 lítà. Ọ̀gá ilé epo lè máa rò pé àwọn ọmọ tó ń bá òun ta epo ló ń jí i, tàbí pé oòrùn ló ń fà á gbẹ. Ilẹ̀ ló ń mu ún.

Bí epo náà bá wọnú ilẹ̀, á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá kan á lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Èyí tó kù á dé ibi tí omi wà, á sì léfòó sórí rẹ̀, nítorí bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń léfòó ni, ìbá dáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan wà nínú epo tó máa ń yọ́ wọnú omi. Èyí tó burú jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní benzene. Omi tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ló máa gbé e kiri.

Ní agbègbè tiwa yìí, orí àpáta ni ilẹ̀ wa wà. Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́ kànga rí mọ̀ ọ́n: erùpẹ̀ lókè, lẹ́yìn náà yangí, lẹ́yìn náà àpáta tó ti rà tó rọ̀ bí amọ̀, kó tó wá kan àpáta líle. Inú àpáta tó ti rà yẹn ni omi kànga wa wà, kò sì jìn púpọ̀ sókè. Ti bohóòlù sì jẹ́ inú ibi tí àpáta líle ti sán ni wọ́n ti ń rí i. Ibi tí àpáta ti sán yìí kì í lọ tààrà. Ó lè gbé epo gba abẹ́ ilé méjì kọjá láìfọwọ́ kàn wọ́n, kó wá jáde nínú kànga ilé kẹta. Nítorí náà, bí kànga aládùúgbò yín tó sún mọ́ ilé epo ò bá rùn, kò túmọ̀ sí pé tiyín ò lè rùn.

Ojú tiwọn ti rí i rí

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní Bàrúwà, ní Ìpájà, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, páìpù tí NNPC fi ń gbé epo gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá ní àdúgbò wọn. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń bá epo nínú kànga wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí onílé tó ní kànga nílé fi ń ra omi lọ́wọ́ alágbàtà. Páìpù ni ti wọn, kì í ṣe ilé epo, ṣùgbọ́n epo kan náà ni, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà wọ inú omi.

Ti Ògónì ní ìpínlẹ̀ Rivers tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, gbé ìwádìí kan jáde. Ní Nisisioken Ogale, ní Eleme, nítòsí páìpù NNPC kan, wọ́n bá epo tó ti léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Benzene tó wà nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu níbẹ̀ fi ìlọ́po 900 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé omi náà ò dáa. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń fi wẹ̀, wọ́n ń fi sebẹ̀, nítorí wọn ò ní òmíràn. UNEP sọ pé àtúnṣe ilẹ̀ Ògónì pátá lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé ìyà àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1984 ni wọ́n ti ṣòfin lórí táńkì epo abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èyí tí ìjọba wọn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó jò lé ní 500,000. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé wọ́n ń wá a, wọ́n ń ka iye rẹ̀, wọ́n sì ń mú ẹni tó ni ín kó tún un ṣe.

Imú nìkan ò tó

Bóyá ẹ máa sọ pé, "Bó bá ti rùn, a ò ní mu ún. Bí kò bá rùn, a ó mu ún." Ó dáa kí ẹ má mu èyí tó ń rùn. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn.

WHO ní kí benzene inú omi mímu má kọjá 0.01 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ká lè mọ bó ṣe kéré tó, ẹ ro táńkì omi ńlá mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 10,000 lítà. Benzene tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì ló máa mú gbogbo omi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dé ojú ààlà yẹn. Bí a bá wá ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù jẹ́ benzene, lítà epo kan ṣoṣo lè ba nǹkan bí 700,000 lítà omi jẹ́. Ìyẹn ju omi tó lè kún ogún táńkà epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 33,000 lítà.

Imú wa ńkọ́? WHO kan náà sọ pé ó di ìgbà tí benzene bá tó bíi mílígíráàmù mẹ́wàá nínú lítà kan kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú omi. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ààlà nìyẹn! Òórùn bẹntiróòlù tí à ń gbọ́, àwọn èròjà yòókù inú epo ló sábà ń mú un wá, benzene sì lè ṣíwájú wọn rìn nínú omi. Fún ìdí èyí, omi tó ń rùn ti bàjẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n omi tí kò rùn, tó wà nítòsí èyí tó ń rùn, a ò tíì lè sọ pé ó mọ́.

Òórùn náà tún máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè bá epo tó ti lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á lọ sílẹ̀. Ẹ lè gbọ́ òórùn lóṣù kẹfà, kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ lóṣù kìíní. Ẹ má sọ pé ó ti tán.

Ìdí tí sísè kò fi ṣe é nìyí. Ìgbóná tí omi fi ń hó jẹ́ 100, ti benzene jẹ́ 80. Bí ẹ bá gbé omi náà kaná, benzene á bá oruku jáde kí omi tó hó, ẹni tó dúró ti ìkòkò ló máa fà á símú. Ìyàwó ilé ni, tàbí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó kù nínú ìkòkò, ẹ ò sì lè mọ iye rẹ̀. Bí epo bá wá pọ̀ nínú omi náà, iná lè gbá a. Álọ́ọ̀mù, ìdọ̀tí ló ń kó sísàlẹ̀. Oògùn apakòkòrò, kòkòrò ló ń pa. Epo kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ẹrọ̀fọ̀.

Ohun tó ń ṣe lára

Ẹni tó bá mu omi tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ lè ní orí fífọ́, òòyì, èébì àti inú rírun. Awọ ara lè gbẹ, kó máa yún. Ìwọ̀nyí ni à ń rí. Èyí tí a kì í rí ló burú jù. Bí èèyàn bá ń mu benzene díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún á máa dín kù. Ó sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ kékeré ló wà nínú ewu jù, nítorí ara rẹ̀ kéré, omi tó sì ń mu pọ̀ bí a bá fi wé ara rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń fi omi po mílíìkì tàbí ògì fún ìkókó, ẹ fi èyí sọ́kàn. Aláboyún náà ní láti ṣọ́ra, àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti ń bá àìsàn mìíràn jà. Bí ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ má sọ pé orí ń fọ́ yín nìkan. Ẹ sọ fún un pé kànga yín ń rùn bí epo, àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ibà ló máa kọ́kọ́ rò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Níbi tí epo bá ti pọ̀ lórí omi, àwọn kan máa ń bù ú pamọ́ sínú ìgò. Ẹ má dán an wò. Iná lè jó ilé, ọmọ sì lè rò pé omi ni, kó gbé e mu. Bí ọmọ bá mu epo, bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì í. Bó bá ń bì í, epo náà lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Erùpẹ̀ oko náà ńkọ́?

Ilẹ̀ tí bẹntiróòlù tàbí dísù bá dà sí, ewéko kì í fẹ́ hù níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀fọ́ tàbí àgbàdo ń gbẹ lójú kan náà, tí erùpẹ̀ ibẹ̀ sì ń rùn bí ẹ bá fi ọkọ́ kọ ọ́, ẹ fura. Ẹ má gbin ohun tí ẹ máa jẹ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi erùpẹ̀ rẹ̀ ṣeré, ẹ má sì bu omi kànga náà fún adìyẹ àti ewúrẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé epo àtijọ́ fi gba àkíyèsí. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, òjé wà nínú bẹntiróòlù tí à ń lò ní Nàìjíríà. Òjé kì í jẹrà, ibi tó bá dà sí ló máa wà. Nǹkan bí ọdún 2001, àwọn olùwádìí tí P. C. Onianwa ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí erùpẹ̀ àyíká ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, ilé epo àti ibùdókọ̀ n'Íbàdàn, ó sì hàn níbẹ̀ pé òjé àti irú rẹ̀ ti kó sínú erùpẹ̀ ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó hù dáadáa lẹ́yìn ògiri ilé epo, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè ṣe ìwádìí fúnra yín

Kẹ́ ẹ tó pariwo, ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ wo omi náà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ bí òṣùmàrè lórí omi, ẹ fi igi tútẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì, tí kò sì tún pa pọ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin inú ilẹ̀ àti àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ló fà á. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ oníyangí bíi tiwa. Bó bá yí kiri, tó sì tún pa pọ̀, epo ni ẹ máa fura sí.

Ìkejì, ẹ wo àyíká. Ilé epo nìkan kọ́ ló ń lo epo. Mẹkáníìkì tó ń da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ ńkọ́? Ilé jẹnẹrétọ̀ yín ńkọ́? Táńkì dísù tó wà nídìí òpó GSM ńkọ́? Aládùúgbò tó ń kó epo pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń fa omi bohóòlù gan-an lè máa jò ọ́ìlì. Ẹ má di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìkẹta, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ gbogbo kànga àdúgbò síbẹ̀: ti ilé ta ni, báwo ló ṣe jìn tó, ọjọ́ wo ni òórùn bẹ̀rẹ̀, ṣé òjò ti rọ̀ àbí kò tíì rọ̀. Ẹ ya àwòrán àdúgbò, kí ẹ fi ibi tí ilẹ̀ ti dàgẹ̀rẹ̀ hàn, nítorí ibẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń kọrí sí. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ máa wúlò jù níbí. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n rì táńkì sí kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé epo tó ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sí ẹni tó wú táńkì rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ná owó sí òfo. Àyẹ̀wò omi tí wọ́n sábà ń ṣe, kòkòrò àìsàn àti iyọ̀ ló ń wá. Ó lè sọ pé omi yín dáa, kí epo sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún láàbù pé BTEX àti TPH lẹ fẹ́. BTEX ni benzene àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, TPH sì ni àpapọ̀ epo tó wà nínú omi. Ẹ gba ìgò gíláàsì lọ́wọ́ láàbù gan-an, ẹ má lo ìgò oníke tí ẹ fi mu kóòkì. Ẹ rọ omi náà kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ náà, nítorí benzene máa ń fẹ́ lọ. Ẹ má mú kànga kan ṣoṣo. Ẹ mú èyí tó sún mọ́ ibi tí ẹ fura sí, ẹ mú tiyín, ẹ tún mú ọ̀kan tó wà lókè, tó jìnnà síbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí wọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé dá owó rẹ̀ jọ. Èsì tó bá jáde, gbogbo àdúgbò ló ni ín.

Kó tó di pé èsì dé, ẹ wá omi mìíràn mu. Omi òjò tí a gbè láti orí páànù tó mọ́ sàn ju omi tó ń rùn bí epo lọ. Sísè àti oògùn apakòkòrò wúlò fún un, torí kòkòrò ni tiẹ̀. Ẹ má fi omi kànga náà wẹ ọmọ, ẹ má fi fọ ẹ̀fọ́. Ẹ má gbé iná tàbí àtùpà sún mọ́ ẹnu kànga, kẹ́nikẹ́ni má sì kó sínú rẹ̀ láti gbọ́n ọ́n. Èéfín epo tó wà nísàlẹ̀ lè dá èèyàn kú.

Ta lẹ máa fẹjọ́ sùn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé, kí ọ̀rọ̀ má dà bí ìjà ẹnì kan. Kí wọ́n pe ọ̀gá ilé epo, kí wọ́n bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ máa ń fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn táńkì rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé náà hàn yín. Bí epo tó wọlé bá ń ju èyí tó tà àti èyí tó kù lọ, oṣù dé oṣù, òun náà ní ohun tó yẹ kó wá. Owó rẹ̀ ló ń jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ so èsì àyẹ̀wò mọ́ ọn. Ẹ fún àwọn wọlé-wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ẹ̀dà kan, kí ẹ fún iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ọ̀kan. Àjọ tó ń fún ilé epo ní ìwé àṣẹ ni NMDPRA, òun ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ DPR lẹ́yìn òfin epo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. Ó lè ní kí wọ́n dán táńkì wò, ó sì lè ti ilé epo pa. NOSDRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ló ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó bá dà sílẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀dà tó kù sílẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i.

Kí ilé epo tó dé

Ó sàn ká dènà rẹ̀ ju ká wá tún un ṣe lọ. Nínú ìlànà tí DPR fi lélẹ̀ fún ilé epo, ó kéré tán 400 mítà ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé epo kan sí èkejì. Ilé epo ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ láàárín kìlómítà méjì. Omi ìdọ̀tí inú ọgbà rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ṣàn wọ odò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé epo sí àdúgbò yín, ẹ bi í ní gbangba: irú táńkì wo ló fẹ́ rì, báwo ló ṣe máa mọ̀ bó bá ń jò, ta ló sì máa fún wa lómi bí kànga wa bá bàjẹ́? Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé omi kànga yín lọ fún àyẹ̀wò kó tó rì táńkì, kí ẹ tọ́jú èsì rẹ̀. Ìwé yẹn ló máa jẹ́rìí fún yín lọ́jọ́ iwájú pé omi yín mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ láti kọ́lé, ẹ má wo títì nìkan. Ẹ béèrè ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bí ilé epo tàbí mẹkáníìkì bá wà lókè yín, ẹ má gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní omi ò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí epo ti wọ̀ ti di ọ̀tá ara. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí omi abẹ́ ilẹ̀ tó bàjẹ́ tó tún dára, ọmọ tó ń mu ún lónìí á sì ti dàgbà kó tó di ìgbà náà. Ní àárọ̀ ọ̀la tí ẹ bá fa omi àkọ́kọ́, ẹ gbé e sún mọ́ imú. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, ẹ gbé kòròbá kalẹ̀, ẹ dé kànga, kí ẹ sì lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín.